Ooru Kì Í Gun Omorogùn

Àmàlà ni mò ń rò tà l'Ọ́jà'ba, nísàlẹ̀ òkè Màpó. Àwọn oníbàárà máa ń yin ọwọ́ tó rò ó tí kò fi ní kókó, inú mi sì máa ń dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń darí ooru: ibi tí a fẹ́ kó yára gbà, àti ibi tí a ti ń dí i lọ́nà.

Álúmíníọ̀mù ni ìkòkò wa. Ó ń gbé ooru kọjá ju irin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 3, ó sì ju igi lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 1,000. Omorogùn ní tirẹ̀, igi ni. Ẹnu rẹ̀ á wà nínú omi tó ń hó ní 100°C, ibi tí mo dì mú kò ní gbóná. Ẹ ki ṣíbí irin bọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó jù ú sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọyẹ́, kí a tó dáná, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò, kí wọ́n tún fọwọ́ kan omorogùn tó sun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Gbogbo wọn ló máa ń ní ìkòkò ló tutù jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bákan náà ni àwọn méjèèjì tutù! Ooru ọwọ́ wọn ni ìkòkò ń yára fà lọ. Igi kì í yára fà á. Nígbà tí iná bá wá ràn, ìkòkò yẹn náà ni yóò yára da ooru sí wọn lọ́wọ́.

Àkísà tí a fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ là. Bó bá mumi, omi ti gbapò afẹ́fẹ́, omi sì ń gbé ooru ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti bó.

Afẹ́fẹ́ náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú kúlà tí à ń kó àmàlà sí: fóòmù tó wà láàárín rọ́bà inú àti ti ìta rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní. Kò fi ooru kún àmàlà, ó kàn kì í jẹ́ kí èyí tó wà níbẹ̀ tètè jáde ni. Ẹni tó ń ta omi tútù ní Bẹẹrẹ ń fi irú rẹ̀ tọ́jú yìnyín.

Lailọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé àmàlà lọ sí Beyerunka, mo máa ń fi ewé wé tirẹ̀ ní ìpele méjì, kí n tó fi lailọ́ọ̀nù bò ó.