Bí Ọdún Bá Tán, Ta Ni Yóò Tọ́jú Pápá?

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, ọdún eégún á tán, ọmọ alágbàáà á fowó ra àkàrà jẹ. Ọ̀rọ̀ ìlú tó gbàlejò eré ìdárayá ńlá nìyẹn.

Ẹ wo pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó. Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Àlgéríà ní 3-0 lọ́dún 1980, tí a gba Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni Kamẹrúùnù ti fi pẹnáritì borí wa lọ́dún 2000. Lẹ́yìn náà, koríko bo pápá, ìjókòó bàjẹ́, Super Eagles sì gba ibòmíràn lọ. Nígbà tí ìdíje 1973 yẹn tún kan Nàìjíríà lọ́dún 2003, pápá tuntun tó gba 60,000 ènìyàn ni a kọ́ sí Àbújá. Nígbà tó yá, koríko tibẹ̀ náà bàjẹ́.

Àwọn kan ní àìlówó ló fà á. Èmi kò gbà. Ìjọba tó rówó kọ́lé ńlá yẹ kó ti ya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ìdíje Òlímpíìkì 2012 tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti pinnu pé ibùgbé àwọn eléré yóò di ilé gbígbé fáwọn ará ìlú. Láti ọdún 2016 ni West Ham sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ibẹ̀. Lóòótọ́, àtúnṣe pápá náà ná wọn ju bí wọ́n ti rò lọ, ṣùgbọ́n kò di ahoro.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa ní Òsì, ìlú Aréògún agbẹ́gilére. Odidi igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère Ẹpa. Bí ijó bá tán, a kì í fi í sílẹ̀ lójú agbo. Ilé tó ni ín ni yóò tọ́jú rẹ̀ di ọdún mìíràn, kí wọ́n sì tó gbé e jáde la ti mọ ilé náà.

Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbàlejò ìdíje ṣe. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fi bíríkì kan lélẹ̀: ta ni yóò máa gé koríko, owó wo ni yóò fi gé e, ilé ẹ̀kọ́ wo ni yóò máa sáré níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá ti lọ? Bí kò bá rí ìdáhùn, kó má ì kọ́ ọ.