Arákùnrin Wa Yusuf Islam: Orin Àánú àti Àwo Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa máa ń sọ pé bí akọrin bá ti kọrin láti fi wá owó fún aláìní, ó ti parí iṣẹ́ rere. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ tán.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, Yusuf Islam, tí ayé mọ̀ sí Cat Stevens kí ó tó gba Ìsìláàmù ní 1977, kọrin fún àǹfààní UNICEF ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé gìtá sílẹ̀. Ní 1985, ó ti múra orin kan dè Live Aid, ṣùgbọ́n Elton John pẹ́ lórí pèpéle, àyè kò sì kàn án mọ́. Aago ni ọ̀gá irú òde bẹ́ẹ̀! Ilé-ẹ̀kọ́ Islamia tí ó dá sílẹ̀ ní 1983 kò dúró de aago ẹnì kan. Àwọn ọmọ ṣì ń kàwé níbẹ̀.

Ó padà sídìí orin pẹ̀lú àwo An Other Cup ní 2006. (Ọ̀rọ̀ ohun èlò orin, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ fún àwọn àáfà.) Nínú àwọn àwo rẹ̀ àìpẹ́, The Laughing Apple ti 2017 la yàn láàyò. Àwọn orin ìgbà èwe rẹ̀, ti 1967, wà níbẹ̀, tí ó tún fi ohùn àgbà kọ. King of a Land ti 2023 dùn, àmọ́ ariwo ohun èlò fẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbòmíràn.