Okùn Tí Èékánná Ń Gbọ́

Òṣòdì kọ́ ló yẹ kí ènìyàn ti lọ fetí dán okùn ìwọ̀ wò. Agbèrò ń pe Ìyànà-Ìpájà ní apá kan, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń polówó oògùn èkúté ní apá kejì, ẹni tó ń ta bàtà náà ń pàtẹ́wọ́ kí oníbàárà lè bojú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ra tèmi, nítorí pé èékánná ni mo fi ń dán an wò. Màá fa okùn náà jáde bí ìwọ̀n apá kan, màá di orí rẹ̀ mú, màá wá gbé èékánná àtàńpàkò lé e, màá fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Okùn tí wọn ò hun dáadáa á máa kọ́ èékánná bí eyín ayùn. Èyí tí wọ́n hun dáadáa á kàn kọjá lọ ni, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tọ irun tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán. Gbogbo ibi tó bá ti kọ́ mi léèékánná, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa kọ́ òrùka ọ̀pá ìwọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá jù ú sómi, á sì máa han bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ti ń rà á. Àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ náà ti mọ okùn híhun báyìí, torí ìlẹ̀kẹ̀ tí etí rẹ̀ mú máa ń gé òwú lásán.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ lẹ fẹ́ fi sín ni àbí ẹja?”

“Ẹja ni, ìyá.”

“Ẹ má fi èékánná bà á jẹ́ fún mi o. Òun nìkan ti ba sísọ́ọ̀sì méjì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Òótọ́ ló sọ. Sísọ́ọ̀sì tí kò bá mú, yóò kàn tẹ okùn náà pẹlẹbẹ ni, kò ní gé e.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn híhun yìí, táńgúùsì wà níbẹ̀ nínú róòlù ńláńlá, ó funfun, ó ń dán. Táńgúùsì ni gbogbo wa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, kò ní ìhun, bíi fọ́nrán irun kan tó nípọn. Orúkọ rẹ̀ sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí bí a ṣe ń pe nǹkan ní Èkó yìí. Àpò tí ìyá ẹlẹ́wà fi ń di ẹ̀wà fún wa, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo rẹ̀ là ń pè ní náílọ́ọ̀nù. Kò sí náílọ́ọ̀nù kankan níbẹ̀; polyethylene ni. Náílọ́ọ̀nù gan-an, èyí tí Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1935, òun ni táńgúùsì tí a fún ní orúkọ mìíràn. Okùn híhun tí mo ń wá kiri yìí ló wá jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Ẹ máa wò ó: ọ̀rá téèyàn lè fi eyín já ní ẹ̀gbẹ́ kan kó tó mumi, òun àti okùn tí sísọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù jọ ti inú ohun kan náà jáde. Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tó bá mọ irun. Àwọn fọ́nrán tó wà nínú ọ̀rá kò gùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí wọn ò yà fún oṣù mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ DSM ní orílẹ̀-èdè Netherlands ló rí ọgbọ́n dá sí i ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n mú irú èyí tí fọ́nrán rẹ̀ gùn gan-an, wọ́n yọ́ ọ títí ó fi kì bí ògì, wọ́n wá ń fà á, wọ́n ń fà á, títí gbogbo fọ́nrán fi nà gbọọrọ sí ọ̀nà kan náà, bí irun tí òòyà ti kọjá. Ní 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n pè é ní Dyneema. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní Spectra. Bí a bá gbé e lé ìwọ̀n pẹ̀lú irin tó wúwo bákan náà, òun ló le jù. Wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù ayẹta fún ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ ó fúyẹ́ débi pé ó máa ń léfòó lórí omi, kì í sì í mu omi bíi ti náílọ́ọ̀nù.

Ṣùgbọ́n òwú dáadáa nìkan kò tó; ìhun rẹ̀ ló kù, àdúgbò wa ni mo sì ti kọ́ ọ. Àdúgbò òwú ni àdúgbò wa. Ọjà Aswani tí à ń ná ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ìsọlọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ń jẹ́. Afprint náà wà níbẹ̀ nígbà náà, létí títì tó lọ sí Àpápá. Onílé tí mo kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣì ń dún tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi okùn híhun hàn án, tí mo ń fọ́nnu pé ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ìyẹn olówùú mẹ́jọ, ni, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. “Má ka iye òwú o,” ló wí. “Wo bó ṣe fún.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ ara páálí sílẹ̀.

Òwú mẹ́rin ni wọ́n fi ń hun òmíràn, wọ́n ń fi mẹ́jọ hun òmíràn. Ẹlẹ́ni mẹ́rin máa ń ní igun, òun ló máa ń han jù, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn, òkúta kì í tètè ha á. Ẹlẹ́ni mẹ́jọ máa ń rí roboto, ó máa ń yọ̀, ó sì dákẹ́ jù. Owó rẹ̀ náà sì wọ́n jù. Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́ni mẹ́jọ tí wọ́n hun bí ẹni tó ń sáré lọ síbi ìnáwó, ẹlẹ́ni mẹ́rin tó fún dáadáa sàn jù ú lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni pé màá di okùn náà mú ní ojú méjì tí kò jìnnà síra, màá wá tì wọ́n pàdé ara wọn. Èyí tó bá la inú bí agbọ̀n, mo ti dá a padà.

Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ rí ṣá. Mo ra ọ̀kan, kì í ṣe lọ́dọ̀ ìyá onílẹ̀kẹ̀, tí wọ́n kọ 20 páùn sí lára. Nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńgúùsì 20 páùn, wọ́n sanra bákan náà. Ó yẹ kí ara fu mí níbẹ̀. Okùn híhun gidi tó lè gbé 20 páùn, nǹkan bíi 0.23 mílímítà ni ìnípọn rẹ̀. Táńgúùsì páùn mẹ́fà ló yẹ kó bá dọ́gba. Ìjọ́ kejì ló já, ìwọ̀, òjé àti ẹja sì bá a lọ.

Kì í ṣe pé èyí tó dára kò ní ìwà tirẹ̀. Táńgúùsì máa ń nà tó ìdá mẹ́rin gígùn rẹ̀ kó tó já, ìyẹn máa ń dárí ji ẹni tó bá fi ìbínú fa ẹja. Okùn híhun kì í nà. Bí òbòkún bá fi imú kan ìjẹ lásán, ìka rẹ yóò gbọ́. Bí o bá sì já a gbà pẹ̀lú agbára, ètè ẹja lásán lo máa gbé wálé. Ó máa ń gé ọwọ́. Ó ń yọ̀ débi pé bí o bá wé e mọ́ ríìlì láìkọ́kọ́ wé táńgúùsì díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa yí bí ẹni ń jó. Kókó tí baba wa kọ́ wa kì í dúró lára rẹ̀. Àfi kí a ṣẹ́ okùn po sí méjì kó tó gba ojú ìwọ̀ kọjá, kí a sì fi itọ́ pa á kí a tó fún un, torí kì í gba ooru, bó bá ń ha ara rẹ̀ lọ́nà gbígbẹ, ó ti jóná nínú nìyẹn.

Omi wà nítòsí wa ní Ìsọlọ̀ o, kànáàlì Òkè-Afá. Mi ò ju ìwọ̀ síbẹ̀ rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sá wọ inú omi náà nínú òkùnkùn, torí ewéko tó bo ojú rẹ̀ jọ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀ ni, màá sì dákẹ́.

Nítorí náà, èbúté CMS ni mo ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Odi òkúta tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1908, kí iyanrìn má baà dí ẹnu ọ̀sà mọ́ ọkọ̀ òkun, ṣì nà wọ inú òkun níbẹ̀. Òkúta tó wà lára rẹ̀ mú, ẹlẹ́ni mẹ́rin ló sì yẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú omi bá tẹ́ bí àwo, ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni mo ń gbé lọ, kí n lè gbádùn ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, bàbá kan jókòó sí ìwọ̀n mítà mẹ́ta sí mi, ó wé táńgúùsì mọ́ ìgò rọ́bà, ó di orí rẹ̀ mú sáàárín ìka méjì. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ju tèmi, òjé lọ kan omi lọ́hùn-ún, bí ẹní ju òkò kékeré.

Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí mi. “Kí lò ń dúró dè? Jù ú.”

“Mo ti jù ú, bàbá.”

Ó wo orí ọ̀pá, ó fi ojú tọ okùn náà dé inú omi, ó dìde wá. Ó ní kí n fún òun díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fà á jáde láti inú róòlù kejì tó wà nínú àpò mi, ó wọ̀n ọ́n mọ́ apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sẹ́nu. Ó fi eyín ọ̀tún gé e. Ó gbé e sí òsì.

“Bàbá, ẹ gba sísọ́ọ̀sì.”

Ó juwọ́ sí mi pé kí n fi òun sílẹ̀, ó sì tún gbé e padà sí ọ̀tún.