Ṣòkòtò Àgbàbọ̀: Àtúnṣe àti Ọnà nínú Super Smash Flash 2

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni bóyá ohun àgbàbọ̀ lè di ohun ẹni. Àpẹẹrẹ tí ó yẹ̀ wò ni Super Smash Flash 2, eré ìjà orí kọ̀ǹpútà tí McLeodGaming, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ eré, ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìpìlẹ̀ eré náà

Super Smash Bros. ti Nintendo, tí ó jáde ní ọdún 1999, ni orísun rẹ̀. Nínú rẹ̀, akọni inú oríṣiríṣi eré ń pàdé lójú ìjà. Bí wọ́n ti ń lu akọni, iye ọgbẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ó bá sì ti pọ̀ tó ni ẹ̀ṣẹ́ yóò ṣe gbé e jìnnà tó, títí yóò fi kúrò lórí pápá.

Super Smash Flash àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2006. Ẹnikẹ́ni ni ó wọlé síbẹ̀: Mario, Sonic, Mr. Incredible, àti Blade òun Blue, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀dá ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn. Àwòrán wọn kò bára mu, nítorí inú eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá. Ṣòkòtò náà ṣò.

Àtúnṣe

Ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò rò pé àfikún akọni ni ìwòsàn. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn oníṣẹ́ náà gbà. Wọ́n tún eré náà kọ́ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ActionScript 3. Wọ́n yọ Mr. Incredible, Blade àti Blue kúrò. Wọ́n mú àwòrán bára dọ́gba, wọ́n sì fún akọni kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìjà tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Goku kò fi jà bíi Mario. Ẹ̀dà ìdánwò ń tẹ̀lé ara wọn, títí dé Beta ní ọdún 2017. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó bá lágbára jù nínú ọ̀kan, wọ́n á dín in kù nínú èkejì.

Àléébù kan kò ṣe é fi pamọ́. Ìgboyà ọmọdé tí ó fi Mr. Incredible sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mario ti dín kù. Ohun tí ó bára dọ́gba kì í sábà yani lẹ́nu.

Ìgúnlẹ̀

Nintendo ni ó ni Mario. Akira Toriyama ni ó dá Goku. Iṣẹ́ tí a gbé ka ohun olóhun kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn tí ń tún Super Smash Bros. Brawl ṣe lábẹ́ orúkọ Project M dáwọ́ dúró. Àtìlẹ́yìn fún Adobe Flash pàápàá dópin ní ìparí ọdún 2020; eré yìí kò bá a lọ, nítorí ẹ̀dà tí ènìyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ti wà. Aṣọ náà kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n rírán rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ibi ìránṣọ ni ó yẹ kí alámèyítọ́ gbójú sí, kì í ṣe iye akọni.