Ọwọ́ Tó Mọ Inú Ọkọ̀ Fọ̀
Mọ́tò tó bá ń ná Ìpele sí Ọ̀wọ̀ nígbà ọyẹ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ eruku. Nítorí náà ni mo ṣe ń kan sáárá sí àwọn tó ń fọ mọ́tò tí wọn kì í fi oògùn kan ṣoṣo fín gbogbo inú ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ pé èyí tó ní amóníà, tó ń mú gíláàsì mọ́ kedere, lè ba tíńtì jẹ́, ó sì lè mú kí awọ àga gbẹ títí yóò fi sán. Ọṣẹ tí kò le, tí wọ́n fi omi là dáadáa, ló bá ike àti aṣọ àga mu. Àkísà tó mọ́ ni wọ́n sì ń fín in sí, kì í ṣe ara bọ́tìnnì, kí omi má baà kan wáyà.

Àwọn kan á ní oníbàárà ló fẹ́ kí dáṣíbọọ̀dù máa dán. Òótọ́ ni, òun ló sì ń sanwó. Ṣùgbọ́n òróró tó ń mú un dán yẹn ń fa eruku mọ́ra, oòrùn á sì ti ara rẹ̀ tàn sójú gíláàsì iwájú, tí awakọ̀ kò ní ríran dáadáa. Fọmọ́tò tó bá fi sùúrù ṣàlàyé èyí, tó sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí òórùn oògùn lè jáde nítorí ẹni tó ní ikọ́ fée, ló yẹ kí a sanwó fún tayọ̀tayọ̀.