Àlàfo Òṣèré àti Àlàfo Ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Gbígbé Orin Ojú Agbo Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì àti Àwo Sínú Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí yẹ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn òṣèré wò lẹ́yìn tí a bá ti gbé e kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sínú kọ̀ǹpútà. Èrò wa ni pé oríṣi àlàfo méjì ló wà nínú orin tí a gbà sílẹ̀: èyí tí òṣèré fúnra rẹ̀ dá, àti èyí tí ẹ̀rọ dá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà, ó sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Èkejì jẹ́ àbùkù. Ẹni tó bá ṣe àtúpalẹ̀ orin láìya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi orin náà túmọ̀.

Ìsokọ́ra Orin ní Ojú Agbo

Ní ojú agbo, orin kì í sábà dá dúró. Olórin a ki ẹnìkan, a pa òwe, a gbàdúrà, a sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú orin mìíràn láìjẹ́ pé ìlù dákẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ọ̀pọ̀ àwo jùjú tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé gbé jáde ló tẹ̀ lé ìlànà yìí: orin bíi mélòó kan a máa so kọ́ra lójú àwo kan ṣoṣo, láìsí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láàárín wọn. Bákan náà ni fújì Síkírù Àyìndé Barrister. Ibi ìsopọ̀ yìí kì í ṣe òfìfo. Níbẹ̀ ni gángan ti máa ń pe orin tó ń bọ̀. Níbẹ̀ ni ègbè ti máa ń yí ohùn padà. Níbẹ̀ náà ni a ti lè mọ ìdí tí oríkì ẹnìkan fi tẹ̀ lé ti ẹlòmíràn.

A kò sọ pé pípín orin sí ọ̀nà púpọ̀ burú. Àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe fún Island Records ní ọdún 1982, tí Martin Meissonnier jẹ́ olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, pín sí ọ̀nà 7. Ó yàtọ̀ sí àṣà àwo jùjú nílé, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ló pinnu bẹ́ẹ̀. Àlàfo òṣèré nìyẹn. A lè bá wọn jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pa á rẹ́.

Orísun Àlàfo Ẹ̀rọ

Lórí síídì, ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń kó àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí jọ ní ìdì-ìdì: òṣùwọ̀n 588 ló wà nínú ìdì kan, ìdì 75 ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá gé orin níbi tí ìdì kò ti kún, ẹ̀rọ tó ń kọ síídì yóò fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dí ìyókù. MP3 ní ìdì tirẹ̀, òṣùwọ̀n 1,152. Òun náà ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kún ìdì ìkẹyìn, ó sì tún ń fi díẹ̀ ṣáájú ohùn. Ìdì MP3 kan kò ju nǹkan bí ìdá 26 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí tó ń tẹ̀ lé ìlù a máa gbọ́ ọ bí ẹni pé onílù kọsẹ̀. Èyí tó hàn jù lọ ni ìṣẹ́jú àáyá 2 tí ọ̀pọ̀ ètò ìkọ-síídì ń fi sáàárín orin kan àti èkejì bí a kò bá dá a dúró.

Àpẹẹrẹ Láti Inú Iṣẹ́ Tiwa

Ẹ̀bi yìí kan àwa náà. Ní ọdún 2004, a gba eré àwọn onídùndún kan sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì níbi ìsìnkú àgbà. Nígbà tí a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, a gé e sí ọ̀nà 9 kí ó lè rọrùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A tún jẹ́ kí ohùn rọra wọlé kí ó sì rọra jáde ní etí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àdàkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin 9, ó sì ṣàlàyé pé òṣèré parí oríkì ìdílé olóògbé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin ìdárò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ pé ìyáàlù ṣì ń ki ìdílé náà nígbà tí orin ìdárò bẹ̀rẹ̀. Oríkì ló gbé orin náà wọlé. Nígbà tí a fẹ́ padà sí kásẹ́ẹ̀tì, ó ti bu, kò ṣe é gbọ́ mọ́. Ìparí oríkì náà bọ́ sí ibi tí a ti mú ohùn rọra jáde, a kò sì rí i gbọ́ títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣẹ̀. Ohun tí a fún un ló kọ.

Ọ̀nà Àbáyọ

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a gba gbogbo ojú kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo sínú fáìlì WAV kan ṣoṣo, kí a sì tọ́jú rẹ̀ láìgé. Bí ààyè kò bá tó, FLAC ń dín fáìlì kù láìsọ ohùn kankan nù, kì í sì í fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kún un.

Ẹnìkan lè sọ pé ó ṣòro láti wá orin kan nínú fáìlì gígùn. Òótọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni fáìlì kékeré tí a ń pè ní cue sheet, tó ń sọ ìṣẹ́jú tí orin kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, ètò tó lè kà á yóò gbé wa dé ibi tí a fẹ́ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ohùn.

Bí ó bá di dandan kí a gé orin fún síídì, kí a gé e sí ìparí ìdì 588, kí a má ṣe jẹ́ kí ohùn rọra jáde, kí a kọ síídì náà lẹ́ẹ̀kan náà ní ìlànà disc-at-once, kí a sì sọ àlàfo àárín orin di 0. Bí ó bá jẹ́ MP3 ni, kí a lo LAME, nítorí ó ń kọ iye ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó fi kún orin sínú fáìlì, kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n kà lè yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń kà á. Nítorí náà, MP3 wà fún gbígbọ́. Kò tó ohun tí a lè fi pa orin mọ́ fún ìwádìí.

Ní ìkẹyìn, kí a má ṣe yọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí òṣèré dá. Bí onílù bá dákẹ́ kí àgbà lè gbàdúrà, kí ó wà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé a yí kásẹ́ẹ̀tì padà ni, kí olùṣàdàkọ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ibi tí orin kan ti so mọ́ èkejì jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé ẹ̀rọ lè já ìsopọ̀ náà láìjẹ́ kí olùwádìí fura. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ní kí a gé orin, ojúṣe wa ni láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán, kí a mọ ibi tí òṣèré fúnra rẹ̀ ti dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tó kù nínú àpótí àwọn ẹ̀ka Yorùbá wa kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.