Ẹ̀fẹ̀ Tí A Ń Fi Ẹnjiníà Ṣe

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Bí mo bá rántí òwe yìí, ẹnjiníà ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé n kò mọ oníṣẹ́ mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí tí àwọn gbẹ́nugbẹ́nu kì í dúró kí ó parí iṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí a gbé díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀fẹ̀ náà yẹ̀ wò bí a ti ń yẹ ewì tàbí ìtàn wò, kí a mọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára, nítorí pé inú kíláàsì wa ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dàgbà.

Orúkọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1958 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1970, ìjọba ṣe òfin tí ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Òfin náà kò tí ì dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tí ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹnjiníà ni. Ẹni tí ó ń tún fáànù ṣe, ẹnjiníà ni. Ẹni tí ó bá sáà ti mú sípánà lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. (Kì í ṣe àwa nìkan: nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ìlú Òyìnbó, ẹni tí ó wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, ẹnjiníà ni onílé wa pè é.) Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí a ti ń lo orúkọ náà. Ní òwúrọ̀, nígbà tí mọ́tò kọ̀ láti gbéra: 'Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá.' Ní ìrọ̀lẹ́, bí mọ́tò náà bá tún kú sójú ọ̀nà: 'Mẹkáníìkì lásán-làsàn!' Ènìyàn kan náà ni. Àpọ́nlé tí a fi ń bẹ̀bẹ̀, tí a sì ń gbà padà lọ́wọ́ ẹni kí ilẹ̀ tó ṣú, n kò mọ̀ bóyá àpọ́nlé ni a lè pè é. Ewu sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ní Èkó, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 40, 'Ta ni ẹnjiníà?' kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà mọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó ti fi orúkọ náà ta gbogbo ènìyàn lọ́rẹ kò lè tètè dáhùn rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹnjiníà tí ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí ó tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ béèrè, ó ní àwọn Òyìnbó tí wọ́n ṣe é ni wọ́n fi àṣejù kún un. Ẹ̀fẹ̀ yìí jinlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé kò sí nọ́ọ̀tì tí kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ kò lè rí ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ti iná mànàmáná ni n kò lè gbóríyìn fún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, àwọn aláwàdà na lẹ́tà mẹ́rin náà di gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má máa retí iná ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí orúkọ náà di PHCN ní 2005, wọ́n ní ó ń bẹ̀ wá pé kí a fi àbẹ́là sí ìtòsí. Ọgbọ́n orí wà nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀fẹ̀ náà ń bá? Ẹni tí ó gun òpó nínú òjò ni. Gáàsì tí kò dé ibi tí wọ́n ti ń fi í ṣe iná, wáyà tí ó ti gbó, gbèsè tí a kò san, kò sí èyí tí ó ní lẹ́tà nínú orúkọ náà. A tún ń wí pé, 'Wọ́n ti mú iná lọ.' Àwọn wo? 'Wọ́n' yìí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni nínú gírámà wa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé 'wọ́n ń pè é ní Àjàyí' láìbéèrè ẹni tí ó ń pè é. Ṣùgbọ́n létí ọmọdé, olè ni. Èyí tí ó dùn mọ́ mi ni 'Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!' tí àwọn ọmọ ń ké bí iná bá dé. Àwọn tí a bí lẹ́yìn 2005, tí NEPA ti kógbá sílé kí wọ́n tó dáyé, ń ké e síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ń sọ sí àwọn oníṣẹ́ iná, òun nìkan ni ó jọ ìdúpẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Èdè wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ: 'ó' ni ọkùnrin, 'ó' náà ni obìnrin. Síbẹ̀ n kò tí ì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ ẹnjiníà kan tí 'ó' inú rẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 yẹn, ọdún 2024 ni obìnrin kọ́kọ́ jókòó sórí àga ààrẹ rẹ̀. Margaret Oguntala ni.

Ní kíláàsì kan tí mo bẹ̀ wò, olùkọ́ ní kí ọmọbìnrin kan ka àròkọ rẹ̀ sókè, 'Iṣẹ́ Tí Mo Fẹ́ Ṣe.' Ọmọ náà ní ẹnjiníà ni òun fẹ́ jẹ́, afára ni òun fẹ́ máa ṣe, ó sì sọ ìdí rẹ̀: odò kan wà láàárín ilé wọn àti ọjà. Ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, 'Ìyá Mẹkáníìkì!' Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀ ní táàmù kejì, mo béèrè ìwé ọmọ náà. Ó ti fa ìlà pa 'ẹnjiníà' rẹ́, ó kọ 'nọ́ọ̀sì' sí orí rẹ̀. Afára tí ó yà sí etí ìwé ṣì wà níbẹ̀. Òpó mẹ́rin ni ó ní, ó sì kọ ìwọ̀n gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.